Èsì àti Àkọ́sọ: Ohùn Obìnrin nínú Orin Hip-hop Ìlú New York

Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bébà yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Àwọn alámèyítọ́ orin hip-hop ti sọ ọ́ títí tó fi wá dà bí òótọ́, àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ti ń gbé e kiri láìbi í léèrè ibi tó ti wá. Ọ̀rọ̀ náà ni pé èsì nìkan ni obìnrin ń fọ̀ nínú orin yìí: pé ọkùnrin ni í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tí obìnrin yóò sì wá dìde láti dá a lóhùn, àti pé nítorí èyí, iṣẹ́ àfarawé ni iṣẹ́ obìnrin, kì í ṣe iṣẹ́ àtinúdá. Àwọn tí ń sọ ọ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àwo tó gbé Roxanne Shanté jáde ní 1984, èsì ni. Àwo tí àwọn tí a wá mọ̀ sí Salt-N-Pepa fi bẹ̀rẹ̀ ní 1985, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ Super Nature, èsì ni òun náà sí orin Doug E. Fresh àti Slick Rick. Ta ni yóò jiyàn?

Àwa yóò jiyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa pé a sẹ́ àwọn àwo wọ̀nyí. Èrò wa ni pé ibi tí àwọn alámèyítọ́ ti wá ẹ̀rí wọn kò fẹ̀ tó: àwo tí a tà lọ́jà ni wọ́n kà, wọn kò fetí sí orin abẹ́lẹ̀, èyí tó ti wà kí a tó tẹ àwo ráàpù kan ṣoṣo jáde. Èrò wa sì tún ni pé wọn kò wo èsì fúnra rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọnà. Kí a má baà ṣi ara wa gbọ́, ohun tí a pè ní orin abẹ́lẹ̀ kì í ṣe orin àṣírí. Òun ni orin tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò tẹ̀ sí àwo, tí rédíò kì í sábà lù, tí ó ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá dìde wá a nìkan ni yóò rí i.

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé irú ọ̀rọ̀ báyìí wọ inú àpérò wa. Iṣẹ́ tí à ń ṣe lórí lítíréṣọ̀ alohùn ni ó sún wa débẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ sí ìlù lójú agbo, tí òṣèré ń fi orúkọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó ń fi ara rẹ̀ yangàn, tí ó sì ń bú alátakò rẹ̀: kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó ṣàjèjì sí ẹni tó ti jókòó ti àwọn tó ń sun ìjálá. A kò sọ pé ọ̀kan ni ó bí èkejì. Ohun tí a ń sọ ni pé ojú tí a ti fi ń wo ọ̀kan lè wúlò fún wíwo èkejì.

Kí àwo tó dé

Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó yẹ kí a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó jẹ́ ọjọ́ ìbí hip-hop ni ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973, ní ilé alájà púpọ̀ tó wà ní nọ́ńbà 1520 ní òpópónà Sedgwick, ní agbègbè Bronx. Àríyá ni wọ́n ṣe níbẹ̀, nínú iyàrá tí àwọn ayálégbé máa ń lò fún àpèjẹ. Ọmọbìnrin kan tí ìdílé rẹ̀ ti Jàmáíkà wá, Cindy Campbell, ni ó pe àríyá ọ̀hún, nítorí pé ó ń wá owó tí yóò fi ra aṣọ tuntun tí yóò wọ̀ padà sí ilé-ìwé. Òun ni ó háyà iyàrá náà. Owó ìwọlé tí wọ́n kọ sórí káàdì ìpè ni sẹ́ǹtì 25 fún obìnrin àti sẹ́ǹtì 50 fún ọkùnrin. Ó wá ní kí ẹ̀gbọ́n òun, Clive, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Kool Herc, wá yí àwo fún àwọn àlejò.

Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ti kọ nípa ọjọ́ náà, Herc ni ẹni ìtàn, Cindy sì di àbúrò rẹ̀ lásán. A kò fẹ́ gba ohunkóhun lọ́wọ́ Herc. Òun ni ó ṣàkíyèsí pé ibi tí ìlù nìkan ti ń dún nínú àwo ni àwọn oníjó ń dúró dè, òun náà ni ó sì wá ọ̀nà láti fa ibẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó pe agbo jọ, tó mọ iye tí ará àdúgbò lè san, tó sì mọ̀ pé bí obìnrin bá pọ̀ lágbo, ọkùnrin kò ní í ṣàì tẹ̀lé wọn wọlé (bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ni owó ìwọlé méjì yẹn wà fún?). Àwa tí à ń kọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé kò sí ìṣeré níbi tí kò bá sí agbo. Bí a bá fẹ́ ka àkọ́sọ, a kò gbọdọ̀ fo ẹni tó pe àwọn olùgbọ́ jọ.

Ọdún mẹ́fà ni ó wà láàrin àríyá yẹn àti 1979 tí àwo ráàpù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Láàrin ọdún mẹ́fà wọ̀nyí, ojú agbo ni gbogbo rẹ̀ wà: ní pápá ìṣeré, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé, ní ilé ijó. Ohun tó kù nínú rẹ̀ fún wa ni kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń yí àwo, àti àwọn òǹwòran tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ, gba ohùn sílẹ̀. Àwọn mìíràn dà á kọ, wọ́n tà á, wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Orin abẹ́lẹ̀ nìyẹn ní pípé. Nínú kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ni a ti ń gbọ́ ohùn Sharon Green, ẹni tí ń jẹ́ Sha-Rock.

Ijó ni Sha-Rock kọ́kọ́ ń jó kí ó tó gba ẹ̀rọ mú. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ́ Funky 4 + 1. Orúkọ yìí yẹ fún àkíyèsí. Ẹni tó bá yára kà á yóò rò pé èènì ni obìnrin náà, bí ìgbà tí ìyá oníṣòwò bá wọn ẹ̀wà tán tó tún bu díẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí ṣeé kà lọ́nà mìíràn. Àwọn mẹ́rin ni a kà pọ̀ mọ́ ara wọn bí ẹni ka ọ̀wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni a dá kà. Nígbà tí a bá sì gbọ́ iṣẹ́ wọn, ọ̀nà kejì yìí ni ó bá ohun tí etí gbọ́ mu. Nínú àwo "Rappin and Rocking the House", tí ilé-iṣẹ́ Enjoy tẹ̀ ní 1979, tí ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì, nígbà mìíràn a pín gbólóhùn kan ṣoṣo fún ẹnu márààrún. Sha-Rock kì í dúró kí àwọn ọkùnrin sọ tiwọn tán kí ó tó dá wọn lóhùn. Ó ń gba ọ̀rọ̀, ó ń gbé e kalẹ̀ fún ẹni tó kàn, bí àwọn yòókù ti ń ṣe. Ohùn rẹ̀ mọ́, ó ń sọ ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àsọgbọ́, kò sì fi eré sísá bo ibi tí ìlù ti fọ́. Kò sí ọkùnrin kankan tí ó ń fèsì fún. Ẹgbẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ hip-hop àkọ́kọ́ tí ó ṣeré lórí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wò, nínú ètò Saturday Night Live ti ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1981.

Ohun tí kásẹ́ẹ̀tì ṣe kò pin síbẹ̀. DMC, ọ̀kan nínú àwọn Run-DMC, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ohùn Sha-Rock tí òun gbọ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn di gbohùngbohùn, wà lára ohun tó kọ́ òun ní bí a ti ń sọ̀rọ̀ sí ìlù. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ọkùnrin tí a kà mọ́ àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ni ó ń sọ pé lẹ́nu obìnrin ni òun ti kọ́ apá kan nínú rẹ̀, kì í sì í ṣe inú àwo ni ó ti gbọ́ ọ. Bí a bá wá ka àwo nìkan, a ó gbọ́ akẹ́kọ̀ọ́, a kò ní í gbọ́ olùkọ́, a ó sì wá sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó kọ́kọ́ fọhùn.

Ẹgbẹ́ Mercedes Ladies tún wà, tí ó jẹ́ pé obìnrin ni gbogbo wọn, ní Bronx kan náà. Wọ́n ní ẹni tí ń yí àwo, wọ́n ní àwọn tí ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní agbo tiwọn. Wọn kò ṣe àwo ńlá kankan. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, Sheri Sher, fẹ́ sọ ohun tí ojú wọn rí, ìtàn àròsọ ni ó fi kọ ọ́, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Nínú ìwé ẹni tí ń ka àwo, òdo ni ẹgbẹ́ yìí gbà.

Kódà, bí a bá gbà láti dúró lórí àwo nìkan, ẹjọ́ wọn kò tún fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1979 kan náà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Lady B, tí í ṣe ọmọ rédíò ní Philadelphia, ti ṣe àwo; Paulette àti Tanya Winley ti ṣe tiwọn ní ilé-iṣẹ́ baba wọn ní Harlem; àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tó ń jẹ́ The Sequence, tí Angie Stone tó kú ní 2025 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti ti ìlú Columbia ní South Carolina wá, wọ́n sì ti ṣe "Funk You Up". Sylvia Robinson, ẹni tó tẹ àwo yìí ní ilé-iṣẹ́ Sugar Hill tí òun àti ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀, obìnrin ni, akọrin ni òun náà sì ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ èsì nínú àwọn àwo wọ̀nyí. Àkọ́sọ ni wọ́n. Èsì tí a fẹ́ sọ di ìwà abínibí obìnrin kò dé títí di 1984.

Kí ni ó wá mú kí èsì di ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọlé láti ìgbà náà? Ọjà ni. Ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò lówó ìpolówó mọ̀ pé orin tó bá dá orin olókìkí lóhùn kò ní í wá olùgbọ́ kiri, orin àkọ́kọ́ ti bá a wá wọn. Nítorí náà, bí obìnrin mẹ́wàá bá wá sí ẹnu ọ̀nà, ẹni tí èsì wà lẹ́nu rẹ̀ ni oníṣòwò yóò kọ́kọ́ pè wọlé. Alámèyítọ́ tó wá wo ẹni tó wọlé, tó sì sọ pé àbùdá gbogbo wọn nìyẹn, ti fi ìwà oníṣòwò ka ìwà òṣèré.

Èsì Shanté

A wá dé orí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ kọ bébà yìí. Ní 1984, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ UTFO ṣe orin "Roxanne, Roxanne". Ọmọbìnrin kan wà nínú orin náà tó kọ̀ wọ́n. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń fi ìyangàn dẹnu kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sì gbà fún ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ yìí kò wá síbi eré kan tí wọ́n ti ṣèlérí láti wá. Ó dun àwọn tó ṣètò eré náà, tí Mr. Magic tí ń ṣe ètò ráàpù lórí rédíò àti Marley Marl tí ń to ìlù pọ̀ jẹ́ ara wọn. Lolita Shanté Gooden, ọmọ ọdún 14, ń gbé ní Queensbridge, àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún mẹ̀kúnnù ní Queens. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́, ó ń lọ fọ aṣọ lọ́jọ́ náà ni. Ó yà sí ilé Marley Marl, ó sọ̀rọ̀ náà láìkọ ọ́ sílẹ̀, ó sì bá aṣọ rẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ Pop Art ti Philadelphia ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ní àkọlé "Roxanne's Revenge".

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ṣe. Nínú orin UTFO, Roxanne kò ní ohùn. Orúkọ lásán ni. Gbogbo ìyangàn àwọn ọkùnrin mẹ́ta yẹn ni ó sinmi lé ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, nítorí pé bí ó bá la ẹnu, ó lè sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí ní tòótọ́. Shanté wọ inú orúkọ yẹn lọ. Ẹ̀dá inú orin di apohùn. Kì í ṣe pé ó gbèjà Roxanne bí alágbàwí ti í gbèjà ẹni ẹlẹ́ni. Ó di Roxanne, títí di òní olónìí ni a sì ń pè é bẹ́ẹ̀. UTFO ni ó dá orúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dárúkọ náà nísinsìnyí, Shanté ni yóò jáde sí i. Ó ṣòro fún wa láti rí bí a ti lè pe irú èyí ní àfarawé.

Ní ti àtò, ó mú àwọn ọkùnrin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ti mú ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi yangàn ni ó fi nà án. Ibi tó dùn mọ́ wa jù ni ibi tó ti fi ọ̀kan nínú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó ń lọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu bí àwọn ọmọdé tí ń fọ ẹnà. Èyí ju èébú lọ. Iṣẹ́ alámèyítọ́ ni: ó ń sọ pé ọnà-èdè tí o gbójú lé kò jinlẹ̀, eré ọmọdé ni. Ọmọ ọdún 14 ni ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó jù ú lọ, lórí ìlù tiwọn.

Ìlù tiwọn ni a wí. Ìlù orin UTFO gan-an ni Marley Marl kọ́kọ́ tẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ni ín kò gbà, wọ́n sì ní láti yí i padà. Àwọn kan ka èyí sí ọ̀rọ̀ òfin lásán. Ní ojú tiwa, ohun kan sọnù níbẹ̀. Gbígba ìlù lọ́wọ́ alátakò wà lára ìtumọ̀ èsì náà, bí ìgbà tí orogún bá fi ohùn orin tí a fi bú u gbé èsì tirẹ̀ jáde: ohùn kan náà gbọ́dọ̀ dún kí ará ilé tó mọ ẹni tí a ń bá wí.

A kò sọ pé iṣẹ́ náà kò lábùkù. Ohùn rẹ̀ ṣì jẹ́ ohùn ọmọdé, ó ga, ó sì ń ké. Nígbà mìíràn gbólóhùn rẹ̀ gùn ju ìlù lọ, yóò wá sáré kó ìyókù rẹ̀ pọ̀. Ó ń ṣe àwítúnwí níbi tí àwítúnwí kò ti fi kún ohunkóhun. Ṣùgbọ́n àwọn àbùkù wọ̀nyí ni a ń rí nínú gbogbo iṣẹ́ tí a kò kọ sílẹ̀, àwa tí a sì ti da ohùn apohùn kọ láti inú kásẹ́ẹ̀tì mọ̀ pé ibi tí gbólóhùn ti ń bọ́ yẹn gan-an ni ẹ̀rí pé lójú ẹsẹ̀ ni ó ń ronú.

Lẹ́yìn tí àwo yìí jáde ni ohun ìyanu ṣẹlẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Àwọn tó wà lẹ́yìn UTFO wá ọmọbìnrin mìíràn, wọ́n pè é ní The Real Roxanne. Sparky D, ọmọbìnrin láti Brooklyn, dojú ìjà kọ Shanté. Àwọn kan ṣe àwo ní orúkọ òbí Roxanne. Àwọn kan ní ọkùnrin ni. Àwo náà pọ̀ débi pé wọ́n dá orúkọ fún ogun ọ̀hún láyè ara rẹ̀. Bí èsì bá lè bí ìran èsì báyìí, kí ni ó kù tí àkọ́sọ ní tí èsì kò ní? Ó dà bíi pé kì í ṣe irú iṣẹ́ méjì ni wọ́n. Ipò méjì ni wọ́n, ẹni tó wà ní ọ̀kan lónìí lè wà ní èkejì lọ́la.

Àwa Yorùbá kò yẹ kó ṣòro fún láti gba èyí. Adébóyè Babalọlá ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti 1966 lórí ìjálá pé àwọn tó ń sun ìjálá máa ń já ara wọn níyàn lójú agbo, pé ẹnì kan yóò fẹ̀sùn irọ́ kan ẹnìkejì, ẹni tí a fẹ̀sùn kàn yóò sì gbèjà ara rẹ̀ pẹ̀lú ìjálá. Ní nǹkan bí àkókò kan náà tí Shanté ń jà ní Queens, Síkírù Àyìndé Barrister àti Kollington Àyìnlá ń fi àwo fújì dá ara wọn lóhùn, àwọn ọmọlẹ́yìn wọn sì ń ra àwo méjèèjì kí wọ́n lè mọ bí ìjà náà ti ń lọ. A kò gbọ́ kí alámèyítọ́ kan sọ pé Kollington kò ní àtinúdá nítorí pé ó fèsì. Akin ni a pè wọ́n, àwọn méjèèjì. Bí ọkùnrin bá fèsì, a ní ìdíje ni. Bí ọmọbìnrin bá fèsì, a ní kò ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ó yẹ kí a fetí sí ohun tí alátakò wa lè sọ. Yóò ní ẹni tó ń fèsì kò yan kókó ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ọkùnrin ni ó yan án fún un. Òótọ́ wà nínú èyí. Ọ̀pọ̀ nínú àwo èsì ọdún 1985 ni kò ní láárí, ojú owó ni a sì fi ṣe wọ́n. Àwo "The Showstopper" ti Super Nature, ọkùnrin tó ń ṣètò iṣẹ́ wọn, Hurby Azor, ni ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí náà a kò lè fi gbogbo ẹnu pè é ní èsì obìnrin. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí ohun tí obìnrin lè ṣe nígbà tó bá yan kókó fúnra rẹ̀, kí ó gbọ́ MC Lyte, tí àwo ńlá rẹ̀ "Lyte as a Rock" jáde ní 1988, tí í ṣe ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ tí obìnrin kan ṣoṣo dá ṣe. Orin kan wà níbẹ̀ tó ti kọ́kọ́ fi yọjú, tí ó ti kọ nígbà tó ṣì kéré gan-an, nípa obìnrin tó ń fura pé ọ̀rẹ́kùnrin òun ní obìnrin mìíràn, tó wá padà mọ̀ pé oògùn olóró ni orogún òun. Ó fi orúkọ ènìyàn pamọ́ fún oògùn, ó sì pa ìtàn náà mọ́ nínú títí tó fi dé ìparí. Lórí àwo kan náà ni ó ti bú Antoinette, obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, tagbáratagbára. Nítorí náà ẹnì kan náà lè sọ àkọ́sọ, kí ó sì tún fọ èsì, kì í sì í ṣe ọkùnrin nìkan ni obìnrin ń bá jà.

Ní ti Shanté, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà kò ṣe é fò. Níbi ìdíje tí wọ́n ṣe nínú àpérò New Music Seminar ní New York ní 1985, ó dé ìparí, ó sì pàdánù sọ́wọ́ Busy Bee. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé jíjẹ́ obìnrin òun ni ó mú kí wọ́n fún òun ní máàkì kékeré. Ó di 2025 kí àjọ tí ń fún àwọn olórin ní ẹ̀bùn Grammy tó fún un ní ẹ̀bùn fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ọdún 40 ni ó wà láàrin méjèèjì.

Ibi tí a ó ti wá wọn

Bí ẹjọ́ wa bá dúró, ó ní ohun tó bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń kó iṣẹ́ jọ. Yunifásítì Cornell ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó kásẹ́ẹ̀tì àríyá, káàdì ìpè àti fọ́tò hip-hop pamọ́ láti 2007, ẹni tó bá sì ń kọ̀wé lórí ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ kò ní àwáwí mọ́. Rédíò náà ti ṣe tirẹ̀. Láti 1990 sí 1998, Stretch Armstrong àti Bobbito ń ṣe ètò lóru lórí WKCR, rédíò Yunifásítì Columbia, níbi tí wọ́n ti ń lu iṣẹ́ àwọn tí kò tí ì ní ilé-iṣẹ́ kankan. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó mú kí etí mọ́ra pẹ̀lú ohùn bíi ti Bahamadia, ọmọ Philadelphia, tí àwo rẹ̀ "Kollage" jáde ní 1996. Jẹ́jẹ́ ni Bahamadia ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ nínú iyàrá, kò bú ẹnì kankan, kò sì dá ẹnì kankan lóhùn. Ẹni tó ti pinnu pé èsì ni obìnrin mọ̀, kò ní ibi tí yóò gbé irú ohùn yìí sí.

Àpẹẹrẹ kan sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Simbiatu Ajíkáwò, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí wọ́n sì bí sí London, ni ẹni tí ń jẹ́ Little Simz. Fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ orúkọ Age 101, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kéékèèké kí àwo ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ní 2015. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Mercury ní 2022, àwọn kan tí kò gbọ́ ọ rí ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ṣàwárí" yìí máa ń kọ wá lóminú. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́wàá kò sọnù. Etí wa ni kò sí níbẹ̀.

Irú nǹkan báyìí sì ti ṣẹlẹ̀ nínú ìmọ̀ tiwa. Fún ìgbà pípẹ́, ìjálá àti ẹsẹ Ifá, tí ọkùnrin pọ̀ jù nídìí wọn, ni a lọ gbà sílẹ̀ jù. Oríkì tí àwọn obìnrin ilé ń kì lójoojúmọ́ wà nílé nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ó di 1991 kí Karin Barber tó gbé ìwé ńlá jáde lórí ti àwọn obìnrin Òkukù. Kò wá wọn lọ sí igbó kankan. Inú agbo ilé ni wọ́n wà, níbi tí àwọn tí ń lọ bá ọdẹ ti ń kọjá.

Ó wá ku ráàpù Yorùbá. Nínú iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lórí rẹ̀ nísinsìnyí, Dagrin àti àwo "C.E.O" rẹ̀ ti 2009 ni a sábà fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì tibẹ̀ bọ́ sórí Olámidé. Kò burú. Ṣùgbọ́n Weird MC ti ń da Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ráàpù kí Dagrin tó dé, gbogbo wa ni a sì jó "Ijó Yá" rẹ̀. Bí ìtàn náà yóò bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu obìnrin tàbí kí ó tún jẹ́ pé èènì ni a ó fi í ṣe ní orí kẹrin, ọwọ́ àwọn tó wà nínú yàrá yìí ni ó wà. A dá a lábàá pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ lọ gba ohùn sílẹ̀ ní àdúgbò kan kí ó tó ka àwo kankan, kí ó sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì náà, kì í ṣe ti ẹni tó ni ẹ̀rọ nìkan.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, a ó lu díẹ̀ nínú ohùn àwọn Funky 4 + 1. A kò ní í sọ ibi tí Sha-Rock ti wọlé. A bẹ̀ yín kí ẹ ṣọ́ ibi tó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn mẹ́rin, kí ẹ sì sọ fún wa, nígbà tó bá parí, bóyá ẹ gbọ́ ẹni tó ń dá lóhùn.